Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa wíwọn adágún Bosumtwi

Ẹ̀yin àbúrò tó ń lọ wọn omi ní Bosumtwi, ní ilẹ̀ Gánà, ẹ má tíì gbé okùn. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí adágún náà ń gbà ṣàn jáde. Ẹ yí i po tán, ẹ ò ní rí i. Òkúta kan ló já bọ́ láti ojú ọ̀run ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọdún sẹ́yìn, tó gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó kìlómítà 10 àbọ̀ sí ilẹ̀ Àṣáńtí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kúmásì. Ìsàlẹ̀ ihò yẹn ni omi náà wà, òkè tó kún fún igbó sì yí i ká. Odò kéékèèké ń wọlé, ọ̀kan kì í jáde. Òjò tó ń rọ̀ lé e lórí gan-an ló ń bọ́ ọ jù, oòrùn ló sì ń fà á lọ.

Ìdí nìyẹn tí kíka gíga omi fi ju gbogbo iṣẹ́ yòókù lọ níbẹ̀, bó tilẹ̀ dà bí iṣẹ́ ọmọdé. Ojú adágún náà tó kìlómítà onígun mẹ́rin 49. Mìlímítà kan péré lórí rẹ̀ jẹ́ lítà mílíọ̀nù 49. Ẹ má ri ọ̀pá ìwọ̀n mọ́ ẹrẹ̀. Ọ̀pá á máa wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yin á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé adágún ń kún. Ẹ dè é mọ́ àpáta, kí ẹ sàmì sí ibòmíràn lókè tí kì í mì, kí ẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Òwúrọ̀ ni kíkà rẹ̀, kí atẹ́gùn tó dìde. Àwọn òkú igi tó dúró sínú omi létí bèbè náà ní ọ̀rọ̀ í sọ: igbó ni ibẹ̀ kí omi tó bò ó.

Ìjìnlẹ̀ ni ẹni tuntun máa ń sáré sí, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣì í ṣe jù. Okùn ọ̀rá máa ń nà tó bá tutù, nítorí náà ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú kí ẹ tó sàmì sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan. Òkúta ni kí ẹ so mọ́ ìdí rẹ̀: èèwọ̀ ni irin nínú omi yẹn látijọ́, orí pákó tí wọ́n ń pè ní padua ni àwọn apẹja ń jókòó sí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà abúlé kí ẹ tó gbé ohunkóhun wọlé. Bí atẹ́gùn bá gbé yín lọ tí okùn dagun tó dìgírì 20, yóò ka mítà 80 níbi tí ìsàlẹ̀ wà ní 75.

Ẹ má bu omi òkè nìkan. Ìyàtọ̀ ooru òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó tó láti má jẹ́ kí wọ́n pò, ọ́síjìn kò sì sí nísàlẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ, tí ìkùukùu bá bo oòrùn tí ojú omi tutù, ìsàlẹ̀ lè rú wá sókè, òórùn á gba bèbè kan, ẹja á léfòó. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní ẹ̀tù ìbọn adágún ló bú. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ sọ tẹmómítà sílẹ̀ ní mítà márùn-ún márùn-ún kí ẹ tó ya fọ́tò ẹja.