Ó mọ òfin, òfin kò mọ̀ ọ́n

Ọjà Ouando kún lónìí, mo ra èlùbọ́ àti ata tí mo lọ fún, mo sì padà sílé kí òjò tó dé. N kò ní ohun mìíràn láti sọ nípa ọjọ́ náà, àfi gbólóhùn kan tí bàbá kan sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aláta, tí kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀ láti ìgbà náà. Àwọn àgbà ń sọ ọ̀rọ̀ Maître, ìyẹn Adrien Houngbédji, agbẹjọ́rò àti olóṣèlú ilẹ̀ Benin, bí a ti máa ń sọ ọ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) yìí nígbà tí kò bá sí ìròyìn tuntun, ni bàbá náà bá ní: "Ó mọ òfin, òfin kò mọ̀ ọ́n." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ọdún 2019 ni. Houngbédji, tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú PRD (Parti du Renouveau Démocratique) sílẹ̀, ni ó wà lórí àga olórí Ilé Aṣòfin ní ọdún 2018 nígbà tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí òfin ìdìbò tuntun, èyí tí ó sọ pé ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìbò 10 nínú 100 jákèjádò orílẹ̀-èdè kò ní ní àga kankan. Nígbà tí ìbò oṣù kẹrin ọdún 2019 dé, ẹgbẹ́ méjì péré ni wọ́n gbà láàyè láti díje, PRD kò sì sí nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ti ṣe olórí ilé náà láti 1991 sí 1995, láti 1999 sí 2003, tí ó tún padà sí i ní 2015, ṣe kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe ohun tí agbẹjọ́rò ń bẹ̀bẹ̀ fún ní kóòtù lójoojúmọ́ nìyẹn, pé kí òfin má ṣe wo ojú ẹnikẹ́ni? Bí òfin bá mọ ẹni tí ó jókòó lórí àga nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ṣé kò ti di òfin agboolé nìyẹn? Mo rò ó báyìí fún ìgbà díẹ̀, inú mi sì rọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé òfin kan náà mọ ẹgbẹ́ méjì yẹn, ó sì fi tọwọ́tẹsẹ̀ gbà wọ́n wọlé. Inú mi tún ru.

Tàbí ọdún 1975 ni bàbá náà ní lọ́kàn? Wọ́n dàgbà tó láti rántí rẹ̀. Ìjọba ológun Mathieu Kérékou dá ẹjọ́ ikú fún agbẹjọ́rò yìí lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ó ti sá kúrò nílùú, kò sì padà wálé títí ìjọba náà fi ń mì. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dúró ti ẹlẹ́jọ́, kò sí níbi tí wọ́n ti dá ẹjọ́ tirẹ̀. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni kò yé mi: ní 1996, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò rí ipò ààrẹ, ó ti Kérékou kan náà lẹ́yìn, Kérékou wọlé, ó sì fi í ṣe mínísítà àgbà, iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ ní 1998. Ẹ jọ̀wọ́, ta ní í bá ẹni tí ìjọba rẹ̀ dá ẹjọ́ ikú fún un jẹun nínú àwo kan náà? Ìyá mi ìbá kọ́kọ́ bu díẹ̀ fún ajá.

Mo ti pe ìyẹn ní àìnítìjú rí. Ní alẹ́ yìí, ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò gan-an ni: wọn a bu ara wọn jẹ níwájú adájọ́, wọn a sì kí ara wọn tẹ̀rín-tọ̀yàyà lẹ́nu ọ̀nà kóòtù. Nígbà tí àwọn aṣòfin ń yan olórí Ilé ní 2015, ohùn 42 ni Houngbédji fi borí Komi Koutché tí ó ní 41. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń bá ọ̀tá sọ̀rọ̀, níbo ni yóò ti rí ohùn kan yẹn? Ní oṣù kẹrin ọdún 2017 ńkọ́, nígbà tí Patrice Talon, ààrẹ ìgbà náà, fẹ́ tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe? Aṣòfin 60 ní bẹ́ẹ̀ ni, 22 ní bẹ́ẹ̀ kọ́, 63 ni wọ́n nílò, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ó jọ pé òfin mọ ìṣirò ju bí ó ti mọ ènìyàn lọ, èyí tí kò tù mí nínú rárá.

Àbúrò mi tún pè láti Calavi, níbi tí ó ti ń ka òfin, lórí ohun tí ó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe. Kò yí ọkàn padà: yóò ka òfin tán, yóò di agbẹjọ́rò, yóò sì wá àga aṣòfin níbí. Ọ̀rọ̀ bàbá ọjà wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Mo ní mò ń gbọ́. Mo bi í pé ẹgbẹ́ wo ni yóò bá díje, nígbà tí PRD ti wọnú ẹgbẹ́ mìíràn láti ọdún 2022, tí ó jẹ́ pé "Renouveau" nìkan ni ó kù nínú orúkọ. Ó ní ìdánwò ni ó wà níwájú òun báyìí, kì í ṣe ẹgbẹ́, owó ìwé kò sì tíì pé. Èsì gidi ni. N ó fi owó náà ránṣẹ́ lọ́la, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn mi ṣì ń sọ pé...