Iná ni mo kọ́kọ́ rò kí n tó ra ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti parí ẹ̀ o. Kọ̀ǹpútà tí mo ti ń tu owó ẹ̀ jọ láti ọdún tó kọjá ti wà lórí tábìlì mi n'Ìbàdàn níbí, ẹyọ-ẹyọ ni mo ra gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, èmi fúnra mi ni mo tò ó, àwọn tó mọ̀ pé iṣẹ́ animation ni mò ń ṣe sì ti ń bi mí pé processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) wo ni, graphics card (ẹ̀yà tó ń ya àwòrán) wo ni. Màá sọ gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí èmi gan-an ti bẹ̀rẹ̀, torí kì í ṣe processor ni mo kọ́kọ́ rò, iná ni.

Ìdí ni pé iná ló pa kọ̀ǹpútà mi àtijọ́. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi power pack inú ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń pín iná fún gbogbo ara kọ̀ǹpútà, kún casing (àpótí ẹ̀) fún mi, wọ́n kọ 750W gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ àmọ́ tí ẹ bá gbé e dání ńṣe ló fúyẹ́ bí agolo mílíìkì tí wọ́n ti mu tán, mi ò sì fura. Ó di òru ọjọ́ kan wọ́n mú iná dé, ó wá, ó lọ, ó tún wá tagbáratagbára, mo gbọ́ "pàá!", òórùn wáyà tó jó bá gba gbogbo yàrá. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa ń bá mi tún un ṣe, ó ní power pack ti kú, ó sì ti gbé bọ́ọ̀dù tí gbogbo ẹ̀yà ń wọ̀ mọ́ àti háàdì dísìkì dání lọ. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà lórí háàdì yẹn, àlọ́ ìjàpá tí mò ń ṣe fún àwọn ọmọdé. Mo sunkún. Títí dòní tí mo bá rántí ẹ̀ ó ṣì ń dùn mí.

Torí náà lọ́tẹ̀ yìí mo mú bírò àti ìwé. Inverter ilé mi 2kVA ni, bátìrì olómi méjì ló ń gbé e, 12V 200Ah ni ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi ṣe é: 12 lọ́nà 200 lọ́nà méjì, 4,800Wh (wáàtì lọ́nà wákàtí) nìyẹn, àmọ́ irú bátìrì yẹn tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ lò ó kọjá ìdajì, ó ku 2,400. Tí kọ̀ǹpútà àti monitor bá wá ń jẹ 450W, wákàtí márùn-ún lé díẹ̀ ló yẹ kó gbé, inverter fúnra ẹ̀ á sì yọ tiẹ̀ níbẹ̀, ẹ pè é ní mẹ́rin ààbọ̀. Bí mo ṣe kọ 450W sórí ìwé nìyẹn mo fa igi sí i nídìí, mo ní ohunkóhun tí mo bá máa rà kò gbọ́dọ̀ gbé mi kọjá ibẹ̀.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí ìlà kan ṣoṣo yẹn ṣe mú kí ọjà rírà rọrùn. Ẹ wo processor. Iléeṣẹ́ AMD ní Ryzen 9 7900X, ó sì tún ní 7900 lásán tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kìíní 2023, core (ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́) méjìlá ló wà nínú àwọn méjèèjì, thread (iye iṣẹ́ tó lè ṣe lẹ́ẹ̀kan náà) mẹ́rìnlélógún. Àmọ́ 170W ni wọ́n kọ sára èyí tó ní X, tí iṣẹ́ bá sì le ó lè fà tó 230W. 65W ni wọ́n kọ sára èyí tí kò ní X, 88W ló sì máa ń dúró sí. Òótọ́ ni pé onílẹ́tà X yẹn yá díẹ̀ jù ú lọ, mi ò jiyàn, àmọ́ díẹ̀ yẹn fẹ́ gba wákàtí kan gbáko lọ́wọ́ bátìrì mi! Wákàtí kan nínú mẹ́rin ààbọ̀, lórí kí ni? Mo mú 7900.

Graphics card ni mo pẹ́ lé lórí jù. Blender, sọ́fítíwíà animation, ni mo fi ń ṣiṣẹ́, Cycles inú ẹ̀ tó ń ya àwòrán sì fẹ́ràn card iléeṣẹ́ NVIDIA gan-an torí OptiX, ọ̀nà NVIDIA tó ń mú kí yíyà náà yá, ìyẹn ti yanjú ẹgbẹ́ tí mo máa wà. Èwo wá ni? Oṣù kìíní 2024 ni RTX 4070 Super àti 4070 Ti Super jáde, mẹ́mórì èyí àkọ́kọ́ jẹ́ 12GB, ti èkejì jẹ́ 16GB, owó wọn sì jìnnà síra. Gbogbo èèyàn ní kí n mú èyí tówó ẹ̀ mọ níwọ̀n kí n fi ìyókù ra nǹkan mí ì. Àmọ́ ẹ wo irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe: igbó ni, ìjàpá nínú igbó, ewé lórí ewé, koríko, ìtàkùn, gbogbo ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọ inú mẹ́mórì card kó tó lè yà á. Tí kò bá gbà á, yálà kó máa yá ìyókù lára RAM (mẹ́mórì kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀) kó wá máa falẹ̀ bí ìgbín, tàbí kó kàn dúró sójú kan kó ní òun ò ṣe mọ́. Iyára card lè dín kù kẹ́ ẹ ní sùúrù fún un, àmọ́ mẹ́mórì tí kò tó, sùúrù ò lè tún un ṣe. Mo san owó ẹ̀, mo mú 16GB.

285W ni card yẹn lè jẹ o, ó sì máa gbé mi kọjá ìlà tí mo fà sórí ìwé. Ohun tí mo ṣe ni pé mo lo sọ́fítíwíà MSI Afterburner, mo fa power limit ẹ̀ (ìwọ̀n iná tó lè jẹ) sí 80 nínú 100, ó wá sílẹ̀ sí bíi 228W, iyára tó sì bá a lọ kéré gan-an, mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ nílé yín, kò bà á jẹ́.

Ó wá kan power pack, oun tó pa mí lẹ́kún. 750W ojúlówó ni mo rà, tó ní àmì 80 Plus Gold, ìyẹn àmì pé kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, ó wúwo lọ́wọ́ bí òkúta. Àwọn kan ní ó ti pọ̀ jù fún ohun tó ń jẹ nǹkan bí 400W, ẹ má dá wọn lóhùn, ní nǹkan bí ìdajì agbára ẹ̀ ni power pack máa ń ṣe dáadáa jù, Gold a máa lo iná tó 90 nínú 100 níbẹ̀ láì fi ṣòfò, ìyókù nìkan ló ń di ooru. Nǹkan kan tún wà táwọn èèyàn kì í bi mí: power pack tó dáa lè fara dà á fún nǹkan bíi 16 mílísẹ́kọ́ńdì (ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀ ló wà nínú sẹ́kọ́ńdì kan) tí iná ò bá sí rárá. Ẹ wá wo ẹ̀yìn inverter yín, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibi tẹ́ ẹ ti lè yan UPS (ti kọ̀ǹpútà) tàbí APL (ti àwọn ẹ̀rọ ilé yòókù). Tó bá wà ní UPS, nǹkan bíi 10 ló fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ NEPA, tó bá wà ní APL, ó lè tó 20, kọ̀ǹpútà á sì kú kó tó dé. Bọ́tìnì kékeré lásán! Kẹ́ ẹ sì rí i pé pure sine wave ni inverter yín o, ìyẹn èyí tí iná ẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA, àwọn power pack ayé ìsìnyí ò fẹ́ràn irú kejì, modified sine wave.

Bọ́ọ̀dù, B650 ni, mi ò wá èyí tówó ẹ̀ pọ̀ jù. Ohun tí mo wò lára ẹ̀ ni pé AM5 ni socket ẹ̀, ibi tí processor ń wọ̀, AMD sì ti sọ ọ́ ní 2024 pé àwọn ṣì máa ti socket yẹn lẹ́yìn títí di 2027, ìyẹn ni pé mo lè pààrọ̀ processor lọ́jọ́ iwájú láì pààrọ̀ bọ́ọ̀dù. RAM 64GB, 32GB méjì, DDR5 tí iyára ẹ̀ jẹ́ 6000. Ẹ má ra mẹ́rin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo irú processor yìí, tó bá ti di mẹ́rin 3600 péré ni AMD fọwọ́ sí. Ihò kejì àti ìkẹrin láti ọ̀dọ̀ processor lẹ máa kì í bọ̀, kẹ́ ẹ sì wọ BIOS (ibi ètò inú bọ́ọ̀dù) lọ tan EXPO, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sá ní iyára tí wọ́n kọ sára ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó 6000 lẹ san, 4800 lẹ̀ ń lò. SSD (ibi ìkópamọ́ tó yá ju háàdì lọ), NVMe méjì, ọ̀kan fún Windows ọ̀kan fún iṣẹ́, àti háàdì 4TB tí mò ń kó àdàkọ gbogbo iṣẹ́ mi sí lálaalẹ́. Ẹ mọ ìdí.

Ooru ńkọ́? Ọ̀sán oṣù kẹta n'Ìbàdàn, yàrá mi lè gbóná tó 33, bí yàrá bá sì ṣe gbóná sí náà ni gbogbo ohun tó wà nínú casing ṣe máa gbóná sí. Wọ́n gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra ohun tó ń fi omi mú processor tutù. Mo kọ̀. Tí pọ́ǹpù ẹ̀ bá kú lọ́dọ̀ mi níbí, ta ni mo fẹ́ lọ bá? Heatsink (irin tó ń fa ooru kúrò lára processor) onífáànù méjì ni mo rà, tí fáànù bá kú mo lè rí òmíràn lọ́jọ́ kan náà. Àmọ́ mo wọn gíga ẹ̀ kí n tó sanwó, 155mm, mo wọn fífẹ̀ casing náà, torí mo ti rí ẹni tí ìlẹ̀kùn casing ẹ̀ ò lè padé. Iwájú casing mi jẹ́ nẹ́ẹ̀tì, fáànù mẹ́ta ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ọ̀kan ń fẹ́ ẹ jáde, torí tí èyí tó ń wọlé bá pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ, eruku ọyẹ́ ò ní rí ihò kéékèèké gbà wọlé, ara asẹ́ iwájú ló máa dúró sí, èmi á sì fọ̀ ọ́.

Àbúrò mi tó wà ní school n'Ògbómọ̀ṣọ́ pè mí lánàá, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ṣáà fi list yẹn ránṣẹ́ sí mi, èmi náà á ra gbogbo ẹ̀ bẹ́ẹ̀." Mo ní rárá o. Kò ní inverter, jẹ́n kékeré kan lòun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ jọ ń lò, fáànù àti búlúùbù tún wà lórí ẹ̀. Mo ní kó gbàgbé card mi, kó wo RTX 4060 tó ń jẹ 115W àti Ryzen 5 7600, gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú monitor ò yẹ kó ju nǹkan bí 310W lọ, kó sì fi UPS, àpótí tó ní bátìrì nínú, sáàárín kọ̀ǹpútà àti jẹ́n torí iná jẹ́n kékeré kì í dúró sójú kan. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé jẹ́n wa á lè gbé e báyìí?" Mo ní kó lọ ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ wá. Mo ṣì ń retí ẹ̀.