Ààjà ẹ̀yìn ilé wa àti ìjì orí òkun

Lánàá ni ààjà kan jà lẹ́yìn ilé wa n'Ìjẹ̀bú Igbó, ó gbé ewé kòkó gbígbẹ àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ó ń fi wọ́n pòòyì, màmá mi ń pariwo pé kí n kúrò lọ́nà ẹ̀, èmi dúró mò ń wò ó bóyá ọ̀tún ló ń yí sí àbí òsì. Ààjà ti kéré jù kí yíyí ayé tó darí ẹ̀ o, ibi tó bá wù ú ló ń yí sí. Àmọ́ àwọn ìjì ńlá orí òkun tí wọ́n ń pè ní hurricane, tó fẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, ìyẹn ò lè ṣe bó ṣe wù ú.

Ẹ wò ó, ní agbedeméjì ayé, ìyẹn ìlà tó pín ayé sí àríwá àti gúúsù, ilẹ̀ ń sáré bíi 1,670 kìlómítà ní wákàtí kan lọ sápá ìlà oòrùn, bẹ́ẹ bá ṣe ń jìnnà síbẹ̀ leré yẹn ń dínkù, torí ẹ̀ afẹ́fẹ́ tó ń sáré lọ sáàárín ìjì ò ní lè lọ tààrà, lápá àríwá á máa yà sọ́tùn-ún, ìjì náà á wá máa yí lódìkejì ọwọ́ aago. Lápá gúúsù, bí aago gan-an ni. Ní agbedeméjì fúnra ẹ̀, agbára tó ń mú afẹ́fẹ́ yà yẹn ò sí rárá.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀pọ̀ hurricane tó ń da Amẹ́ríkà láàmú, afẹ́fẹ́ tó gba Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wa níbí kọjá ló bí wọn.

Ààjà tiwa, òsì ló yí sí, kó tó da gbogbo ọ̀rá yẹn sórí aṣọ tí màmá mi sá.