Ilé tí Ẹbí Kì í Yà Sí

Mo tún wo fíìmù American Beauty ní alẹ́ àná, lẹ́yìn tí àwọn ará ilé ti sùn, ọkàn mi kò sì tíì kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀. Ọdún 1999 ni wọ́n gbé e jáde. Alan Ball ló kọ ọ́, Sam Mendes ló sì darí rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti gbajúmọ̀ nídìí eré orí ìtàgé kó tó dáwọ́ lé fíìmù, èyí sì ni àkọ́kọ́ tó ṣe. Àmì-ẹ̀yẹ Oscar 5 ló gbà, títí kan ti fíìmù tó dára jù lọ lọ́dún náà.

Lester Burnham, ẹni ọdún 42, ló ń sọ ìtàn náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ló sì ti sọ fún wa pé kí ọdún kan tó yí po, òun yóò ti kú. Lójú ẹni tó bá ń kọjá lọ, kò sí ohun tí ọkùnrin yìí kò ní: ilé tó ní ilẹ̀kùn pupa, òdòdó rósì tí Carolyn ìyàwó rẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé, Jane ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, àti iṣẹ́ ìpolówó ọjà tó ti ṣe fún ọdún 14. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lé e lẹ́nu iṣẹ́, ó halẹ̀ mọ́ ọ̀gá rẹ̀ títí ó fi gba owó oṣù ọdún kan gbáko, ó sì lọ ń ta oúnjẹ ní ojú fèrèsé ilé oúnjẹ àwọn onímọ́tò. Ó ń ra igbó lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò. Ó ń gbé irin nínú gáréèjì, nítorí ó fetí kọ́ ọ pé Angela, ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀, ní ara rẹ̀ yóò dùn ún wò bó bá lè gbé irin díẹ̀.

Ibí ni èmi àti àwọn tó ń yìn ín bí ẹni tó jí lójú oorun ti ń pínyà. Ọ̀rẹ́ ọmọ ẹni, ọmọ ẹni ni. Fíìmù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí nígbà tí ọmọ náà jẹ́wọ́ pé òun kò mọ ọkùnrin rí, Lester fi aṣọ bò ó, ó sì bi í léèrè báwo ni Jane ṣe ń ṣe sí. Bàbá ni, àlejò ló sì ń bi léèrè bí ọmọ inú ilé rẹ̀ ṣe wà.

Ìran tí mi ò lè gbàgbé ni ti àga. Ọ̀sán ni, àwọn méjèèjì nìkan ló wà nílé. Lester yin ìyàwó rẹ̀, ó rán an létí irú ọmọ oníwàhálà aláyọ̀ tó jẹ́ nígbà tí wọ́n pàdé, ara obìnrin náà rọ̀, ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó wá rí i pé bíà ọwọ́ ọkọ òun fẹ́ dà sórí àga tìmùtìmù. Àga 4,000 dọ́là ni, sílíìkì ilẹ̀ Ítálì sì ni aṣọ rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrọ̀rí na àga, ó ń pariwo pé ẹrù lásán ni, ìyàwó sì jáde kúrò níbẹ̀. Àwọn tó ń wò ó sábà máa ń dá obìnrin náà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti rí i níbẹ̀rẹ̀, níbi tó ti fi odindi ọjọ́ kan fọ gíláàsì fèrèsé ilé tó fẹ́ tà, tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun yóò ta á lónìí dandan, tí àwọn oníbàárà wá ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wo adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ilé náà, tó ti fèrèsé pa, tó sunkún, tó gbá ara rẹ̀ létí pé kó dákẹ́, tó sì nu ojú kó tó jáde, a mọ ohun tó fà á tí kò fi lè fojú kékeré wo àga kan.

Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé nínú gbogbo wàhálà yìí, ẹbí kankan kò yà sí ilé náà. Kò sí àna, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò ìyá ẹnikẹ́ni. Aládùúgbò wọn àtijọ́ ti kó lọ, Carolyn sì ti gé igi wọn lulẹ̀ nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ wọ ilẹ̀ rẹ̀. (Òpópónà tí a ń rí yẹn kì í tilẹ̀ ṣe àdúgbò tí ènìyàn ń gbé, ọgbà iléeṣẹ́ fíìmù Warner ní Burbank, ní Amẹ́ríkà, ni nígbà náà, níbi tí wọ́n kọ́ ilé sí fún fíìmù.) Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ tí Lester gbé àwo oúnjẹ sọ mọ́ ògiri lójú ọmọ rẹ̀ ni ẹnìkan ì bá ti tẹ ẹlòmíràn láago. Mi ò sọ pé ìpàdé ẹbí ń wo gbogbo àrùn sàn o. Mo ti jókòó níbi èyí tí wọ́n ti ní kí obìnrin lọ fara dà á, tí wọ́n sì jẹ ẹran tó sè tán kí wọ́n tó dìde.

Síbẹ̀, inú ìrántí ẹni tó ń kú ni ẹbí Lester ti kọ́kọ́ yọjú: ọwọ́ ìyá ìyá tàbí ìyá bàbá rẹ̀ tí awọ rẹ̀ dà bíi bébà, àti ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí ọkọ̀ Firebird tuntun tí Tony mọ̀lẹ́bí rẹ̀ rà. Nígbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé Firebird ọdún 1970 tí ó lọ rà láìbi ìyàwó rẹ̀ léèrè, tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbà ń ṣe bí ọmọdé, kì í ṣe ti afẹ́. Ilé ẹbí ni ọkùnrin náà ń wá padà sí, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn.

Wọ́n fún Lester ní ohùn títí tó fi kú, kódà lẹ́yìn ikú. Carolyn kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò ń rọ̀, ó ti ọ̀nà dé pẹ̀lú ìbọn nínú báàgì, ọkọ rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹlòmíràn ta sílẹ̀, ó ju báàgì náà sínú agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí, ó sì ṣí ibi tí aṣọ ọkọ rẹ̀ wà, ó dì mọ́ wọn, ó ń ké. Fíìmù náà fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi ì bá fẹ́ rí àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí yóò ní láti wá nọ́ńbà Tony láti túfọ̀ fún un, tí àwọn ọlọ́pàá yóò sì ti máa tú agbọ̀n aṣọ wò.