Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, báyìí lẹ ṣe lè ran òṣìṣẹ́ tó ń gba ìtọ́jú IVF lọ́wọ́

IVF ni ìtọ́jú tí wọ́n fi ń po ẹyin obìnrin mọ́ àtọ̀ ọkùnrin níta ara, kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ. Àkókò ni òṣìṣẹ́ tó ń gbà á nílò jù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀: àyè láti lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ tẹ́lẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà ní gbogbo ìgbà tí mo fi gba ìtọ́jú náà l'Ékòó. Ibi iṣẹ́ méjì ni mo ti gbà á, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo sì ń ṣe ní méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ ni mí lára débi pé ó kù díẹ̀ kí n fiṣẹ́ sílẹ̀. Ti kejì ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀gá lè ran èèyàn lọ́wọ́ kí iṣẹ́ má sì dúró.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá rò pé ọjọ́ kan péré lèèyàn máa lò ní ilé ìwòsàn, àwọn míì tilẹ̀ rò pé òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọdún 1989 ni wọ́n ti bí ọmọ IVF àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó. Bó ṣe ń lọ rèé. Obìnrin á máa gba abẹ́rẹ́ họ́mónù lójoojúmọ́, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 8 sí 14, kí ẹyin púpọ̀ lè gbó pa pọ̀. Láàárín ìgbà yẹn á máa lọ ṣe scan, wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ohun tí dókítà bá rí láàárọ̀ òní ló máa sọ ọjọ́ tí yóò tún padà wá. Bí ẹyin bá ti tó, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ kan ní alẹ́, nígbà tó bá sì tó nǹkan bíi wákàtí 36 lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kó ẹyin náà. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹyin á ti jáde fúnra rẹ̀, gbogbo owó àti abẹ́rẹ́ yẹn á sì ṣòfò. Wọ́n máa ń fún un ní oògùn tó ń kunni lóorun lọ́jọ́ náà, kò lè padà wá síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 3 tàbí 5, wọ́n lè gbé ọlẹ̀, ìyẹn ẹyin tó ti gba àtọ̀, sínú ilé ọmọ. Lẹ́yìn náà ló máa dúró bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mọ̀ bóyá oyún wà.

Níbi iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú lèèyàn gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé gba àyè. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀wé nípa ọjọ́ tí dókítà fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀? Mo lo ìsinmi ọdún mi tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú owó oṣù mi. Wọn kò rú òfin kankan. Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún fún àìsàn tí dókítà bá fọwọ́ sí, kí owó rẹ̀ má dín. Ó fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Fún ẹni tó ṣì ń wá oyún, kò sọ nǹkan kan. Nítorí náà, ọwọ́ ẹ̀yin ọ̀gá ló kù sí.

Ohun tí ọ̀gá mi kejì ṣe kò ná an lówó púpọ̀. Lọ́jọ́ scan, mo lè dé ní agogo mọ́kànlá, kí n parí iṣẹ́ mi nílé lálẹ́. Ó ní kí n kọ́ ẹnì kan ní bí a ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀ ìparí oṣù, kí ọjọ́ ìkó-ẹyin má bàa kó gbogbo wa sí wàhálà. Lẹ́tà ilé ìwòsàn tó sọ pé mò ń gba ìtọ́jú ti tó o, kò béèrè ìtọ́jú kí ni. Ó tún fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kékeré kan tó ní fíríìjì tí inverter ń gbé. Ẹni tí kò bá gba abẹ́rẹ́ yìí rí lè má mọ bí ìyẹn ti tóbi tó: inú òtútù ni wọ́n ń tọ́jú àwọn kan nínú oògùn náà, àsìkò kan náà ló sì yẹ kéèyàn máa gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ta ló mọ ìgbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland máa tú èèyàn sílẹ̀? Inú yàrá yẹn ni mo ti ń gba tèmi kí n tó máa lọ sílé. Ẹ má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yín máa gba abẹ́rẹ́ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àṣírí, èyí tó dùn mí jù. Níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹni tí mo sọ fún sọ fún ẹlòmíì, kò pẹ́ tí wọ́n fi ń dárúkọ mi níbi àdúrà àárọ̀: "Ọlọ́run á ṣí ilé ọmọ arábìnrin wa." Àdúrà rere ni, mo sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo ojú ti ń wo ikùn mi. Bí mo bá wọ aṣọ tó fẹ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí a bá ń dáwó ìsọmọlórúkọ ẹlòmíì, ẹnì kan á ṣáà dì mọ́ mi pé tèmi náà ń bọ̀. Èkó sì kéré, ọ̀rọ̀ yẹn dé etí àna mi kí n tó sọ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, bí òṣìṣẹ́ bá fi ọ̀rọ̀ yìí lé yín lọ́wọ́, kó mọ lọ́dọ̀ yín. Bí HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, bá gbọ́dọ̀ gbọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà. Tí oyún bá sì dé, ẹ má bá a kéde rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé àwọn ọkùnrin. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kó ẹyin, ọkọ náà sábà máa ń wà níbẹ̀ láti fún wọn ní àtọ̀, òun ló sì máa mú ìyàwó rẹ̀ lọ sílé. Nígbà tí ọkọ mi tọrọ àyè, wọ́n bi í pé ṣé òun ló fẹ́ bímọ ni. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ara ọkùnrin gan-an ni ìṣòro wà, obìnrin la kàn ń di ẹ̀bi rù. Lọ́dún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú àgbàlagbà 6, bí ẹni 1 ló ń ní ìṣòro àìrọ́mọbí nígbà kan láyé rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti wà lábẹ́ yín.

IVF àkọ́kọ́ tí mo ṣe lábẹ́ ọ̀gá mi kejì kò dúró. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀. Màdámù kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Máa lọ sílé. Bí ara rẹ bá balẹ̀, kó o pè mí." Wọ́n pín iṣẹ́ mi, kò sẹ́ni tó gbọ́ ìdí. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa kí i kú ọ̀fọ̀. Ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀ lábẹ́ ìsinmi àìsàn. Ẹ má bi í léèrè bóyá kò ní gba ọmọ tọ́.

Ní ti owó, ọ̀pọ̀ HMO, ìyẹn iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera, kì í san owó IVF. Iléeṣẹ́ tó bá lágbára lè dá sí i. Èyí tí kò bá lágbára lè yá òṣìṣẹ́ lówó kí ó máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù, tàbí kí ó jẹ́ kí kọpurétífù tètè dá a lóhùn. Mo mọ obìnrin kan tó ń ránṣọ fún ìyá kan tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Ìyá náà kò lówó tó fẹ́ fún un. Ó kàn gbé iṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún un láti ọjọ́ tí wọ́n gbé ọlẹ̀ sí i nínú, kò jẹ́ kó máa sáré lọ sọ́jà Balogun ra aṣọ, kò sì yọ kọ́bọ̀ nínú owó rẹ̀.