Kí Oúnjẹ Dé Iwájú Aláìsàn Kí Ínsúlínì Tó Wọlé

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù fún aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà ní wọ́ọ̀dù ni kí ínsúlínì, oògùn tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, yá, kí oúnjẹ pẹ́. Bí ẹbí bá ń gbé oúnjẹ bọ̀ láti Ìkòròdú, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wọn lórí afárá Third Mainland, ẹ dá ínsúlínì oúnjẹ (èyí tí ẹ ń fún un nítorí oúnjẹ) dúró títí àwo yóò fi dé iwájú rẹ̀.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gún ìka láti wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Omi ọsàn díẹ̀ tó kù lára ìka lè mú kí ẹ̀rọ pe ṣúgà ju bó ṣe wà lọ. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ gún, kì í dunni tó orí rẹ̀.

Bó bá ń làágùn, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ṣúgà kò tó 70 mg/dL, ẹ po ṣúgà gíráàmù 15 (kóró 3 tàbí 4) sómi fún un. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó ti dákú kò gbọdọ̀ gba nǹkan lẹ́nu, torí ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ pe dókítà kíá, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni gúlúkóòsì (ṣúgà olómi) yóò gbà wọlé.