Ewúrẹ́ Ló Kọ́kọ́ Tọ́ Bàálù Wa Wò

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú bàálù tó jẹ́ ná, kó tó di pé ó bọ́ sínú ẹ̀wà.

Blériot XI ni, irú èyí tí Louis Blériot ọmọ Faransé gbé fo òkun láti Calais ní Faransé dé Dover ní England ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1909. Ẹ́ńjìnnì Anzani tó wà nímú rẹ̀ kò ju agbára ẹṣin 25 lọ. Bí èèyàn bá so ọ̀kadà mẹ́ta pọ̀, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Tiwa tí a ń fi rìmóòtù darí, a dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́fà: mítà 1.3 láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì, ìyẹ́ fúnra rẹ̀ sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30. Tòun ti bátìrì, gíráàmù 900 ni gbogbo rẹ̀.

Igi balsa tí àwọn òyìnbó fi ń ṣe é, ta ló fẹ́ wá a kiri ní Òṣogbo? Ọparun la là wẹ́wẹ́, a fá a títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́, òun la fi ṣe egungun ara. Fómù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n nínú páálí la gé fún egungun ìyẹ́. Ẹ má fi super glue kan fómù yẹn o! Ohun tí iyọ̀ ń fojú ìgbín rí ni yóò fojú rẹ̀ rí. Gúlúù funfun àwọn káfíńtà ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ mọ́jú.

Blériot kò ní pátákó kékeré tó máa ń wà létí ìyẹ́ bàálù òde òní. Ìyẹ́ náà gan-an ni wáyà ń lọ́. Ẹ dán an wò nílẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde: tí ẹ bá ti ọ̀pá rìmóòtù sọ́tùn-ún, etí ẹ̀yìn ìyẹ́ ọ̀tún ní láti gòkè, kí ti òsì wálẹ̀. Ẹni tó bá so wáyà yẹn sódì, kò ní í pẹ́ kó tó mọ̀. Tiwa kò sódì. Kì í ṣe ibẹ̀ lọ̀ràn wa ti wá.

Aṣọ ló fà á. Òṣogbo Òròkí, ìlú aró, aṣọ òwú funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í wọ́n wa. A tẹ́ ẹ sórí egungun, a fi sítáàṣì gbágùúdá pa á, irú èyí tí àwọn aláàdìrẹ ń lò, a gbé e sóòrùn. Bó ṣe ń gbẹ ló ń fà, títí ó fi le gan-n-gan bí awọ ìlù. Iṣẹ́ dára. A wọlé lọ mumi.

Ewúrẹ́ àdúgbò ò mọ Blériot, gbágùúdá ló mọ̀. Nígbà tí a fi máa jáde, ó ti jẹ ìdajì ìrù, ó ń jẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́, okùn wáyà kan ń fì létè rẹ̀ bí irùngbọ̀n kejì. Àbúrò mi sọ bàtà lù ú. Ó wò wá, ó gé díẹ̀ sí i, ó tó wá máa lọ.

A tún ìrù náà ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọparun tuntun, aṣọ tuntun, sítáàṣì ẹ̀ẹ̀mẹta nítorí a fẹ́ kó le. Ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ tán la tó gbé e sórí òṣùwọ̀n: gíráàmù 30 la ti fi kún un. Ẹ ó ní kí ni gíráàmù 30? Ṣé ẹ rí i, sẹ̀ǹtímítà 9 sẹ́yìn etí iwájú ìyẹ́ ni bàálù yìí ti gbọ́dọ̀ dọ́gba tí ẹ bá fi ìka méjì gbé e. Láti ibẹ̀ dé ìrù, sẹ̀ǹtímítà 90. Láti ibẹ̀ dé bátìrì tó wà nímú, 18 péré. Ìlọ́po márùn-ún nìyẹn. Gíráàmù 30 tó wọ ìrù, 150 ló yẹ kó wọ imú. A ti fi ìka wọ̀n ọ́n kí ewúrẹ́ tó dé. Lẹ́yìn ewúrẹ́, kò sẹ́ni tó rántí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ewé kan ò mì ní pápá bọ́ọ̀lù. Irú ojú ọjọ́ tí Blériot ń fẹ́ gan-an nìyẹn, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló ń gbé e lọ. Mo fún un níná. Kò sáré jìnnà tó fi kúrò nílẹ̀, ni imú bá gbéra, ó ń lọ sókè, ó ń lọ sókè. Mo ti ọ̀pá síwájú dé òpin, imú ò gbọ́. Ó dúró lórí ìrù bí alángbá tó fẹ́ gun ògiri, ó ronú díẹ̀, ìyẹ́ òsì já wálẹ̀. Ó bẹ́ sísàlẹ̀, ó tún gbórí sókè, ó tún já. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti kọjá ògiri pápá.

Ìyá alákàrà ló wà lẹ́yìn ògiri.

Ohun tó yẹ kí àtàǹpàkò òsì mi ṣe ni kó fa iná wálẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rù ò jẹ́. Fáànù íǹṣì 10 tó wà nímú bàálù wọnú igbá ẹ̀wà lílọ̀, ó sì ń yí lọ. Ara ògiri, ara agboòrùn, ara àwọn oníbàárà, kò yọ ẹnì kan sílẹ̀.

“Ta ló ni nǹkan yìí?”

“Èmi ni, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Mà.”

“Kí ló ń jẹ́?”

“Blériot ni, Mà.”

“Bọ́sẹ́wà ni kí ẹ máa pè é.” Ó bojú wo igbá, ó fi síbí gbọ́n ìyókù wò. “Ó mà lù ú ju bí mo ṣe ń lù ú lọ. Ẹ̀wà yìí ti wú.”

A san owó igbá kan gbáko. Àbúrò mi yọ bàálù náà, ẹ̀wà ti kún imú rẹ̀ dé ẹ̀yìn bátìrì. Mo kàn fi ìka méjì gbé e lábẹ́ ìyẹ́, ní sẹ̀ǹtímítà 9, láti wo ibi tó ti fọ́. Ó dúró gbọnrangandan. Kò dorí kodò, kò jókòó sẹ́yìn.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí,” Ìyá ní, “owó èyí tó wà nímú yẹn ò sí nínú tàkọ́kọ́ o.”